Dráyà ń yí, fáànù ń fẹ́, ṣùgbọ́n kò gbóná: níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Adùnní_Houston

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá oníná àti gbogbo ilé. Dráyà aṣọ oníná ti Amẹ́ríkà ni, kì í ṣe ti gáàsì, asẹ́ tó ń gba ìhùhù aṣọ wà lókè rẹ̀. Ó ń tàn, dúrọ́ọ̀mù ń yí, fáànù ń dún, ṣùgbọ́n bí aṣọ ṣe tutù wọlé náà ló ṣe ń tutù jáde. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo ti ń tàn án lẹ́ẹ̀mejì kí táwẹ́ẹ̀lì tó gbẹ. Láti àná ni ooru ti wá tán pátápátá. Púlọ́ọ̀gì rẹ̀ ní ẹsẹ̀ mẹ́rin. Mo ní mítà iná, mo sì mọ̀ ọ́n lò díẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, kí ni kí n kọ́kọ́ wò kí n má baà máa ra ohun tí kò bàjẹ́?

Baba_Oníná

Ẹ kú iṣẹ́, ìyá wa. Gbólóhùn kan wà nínú ọ̀rọ̀ yín tó wúlò ju ìyókù lọ: pé ẹ ti ń tàn án lẹ́ẹ̀mejì fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, a ó padà síbẹ̀. Ṣùgbọ́n iná ògiri la kọ́kọ́ ń wò, torí kò gbà ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ.

Wáyà gbígbóná méjì ló ń wọ dráyà Amẹ́ríkà. Láti ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sí nútírà (wáyà tí iná ń gbà padà) jẹ́ 120 fóltì, láti ìkan sí èkejì jẹ́ 240. Mọ́tò àti bọ́tìnnì iwájú ń lo 120, ẹ́límẹ́ǹtì tó ń gbóná nìkan ló ń lo 240. Nítorí náà, bí wáyà tí kì í gbé iná fún mọ́tò bá kú, dúrọ́ọ̀mù á ṣì máa yí bí ẹni pé kò sí nǹkan tó ṣe é, ooru nìkan ni kò ní sí. Bírékà rẹ̀ jẹ́ alápá méjì, 30 áńpù, apá kan lè já nínú kí ọwọ́ rẹ̀ má sì kúrò ní àyè rẹ̀. Ẹ pa á pátápátá títí ẹ ó fi gbọ́ ìró rẹ̀, kí ẹ tó tàn án padà.

Bí ooru kò bá padà, ẹ yọ púlọ́ọ̀gì, kí ẹ wọn ihò ògiri. Nínú ihò ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin, àwọn méjì tó dúró lóòró ni gbígbóná, èyí tó rí bíi lẹ́tà L ni nútírà, èyí tó kù ni wáyà ilẹ̀. Láti gbígbóná sí gbígbóná, ẹ máa rí nǹkan bíi 240. Láti ọ̀kọ̀ọ̀kan sí nútírà, nǹkan bíi 120. Ọwọ́ kan ni kó máa ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ẹ sì wọ bàtà. Bí ọkàn yín kò bá balẹ̀ sí apá yìí, ẹ jẹ́ kí oníṣẹ́ iná bá yín wọ̀n ọ́n, torí iná tó wà nínú ihò yẹn ń pa èèyàn.

Adùnní_Houston

Ẹ ṣeun, sà. Mo pa bírékà, mo tàn án padà, kò sí ìyàtọ̀. Ògiri: 243 láàárín méjèèjì, 121 àti 122 sí nútírà.

Ọmọ_Alágbẹ̀dẹ

Iná ògiri kò lẹ́bi nìyẹn. Ẹ jẹ́ ká wọ inú ẹ̀rọ.

Ẹ fi púlọ́ọ̀gì sílẹ̀ ní yíyọ. Ẹ fa dráyà síwájú díẹ̀díẹ̀ kí páìpù ẹ̀yìn má baà ya, kí ẹ sì wo bí páìpù yẹn ṣe rí kí ẹ tó tú u. Tiyín tí asẹ́ wà lókè, ẹ̀yìn la ti ń ṣí i. Sukúrù olórí igun mẹ́fà ni wọ́n fi dè é, sọ́kẹ́ẹ̀tì 1/4 íǹṣì ló sábà máa ń bá a mu. Àwọn tí asẹ́ wọn wà lẹ́nu ilẹ̀kùn, ìsàlẹ̀ iwájú ló sábà máa ń jẹ́ ti wọn. Ẹ fi fóònù ya àwòrán gbogbo wáyà kí ẹ tó fọwọ́ kan ìkankan. Ìwé tí wọ́n ya ìtò wáyà sí máa ń wà ní kíká nínú ẹ̀rọ náà, ẹ má sọ ọ́ nù.

Ẹ kọ́kọ́ wo ibi tí okùn iná ti wọlé. Bí òpó kan níbẹ̀ bá ti dúdú, tí ike ìdí rẹ̀ sì ti yọ́, sukúrù tó tú ló fà á, ibẹ̀ nìkan sì tó láti pa ooru.

Bí ibẹ̀ bá mọ́, ẹ wá àpótí irin gígùn kan tí wáyà méjì wọ̀. Ẹ́límẹ́ǹtì wà nínú rẹ̀: wáyà lílọ́ bíi sípíríǹgì. Ẹ yọ wáyà ìdí rẹ̀ kúrò kí mítà má baà ka ọ̀nà mìíràn. Ẹ di irin ẹnu wáyà mú, ẹ má fa wáyà fúnra rẹ̀. Ẹ́límẹ́ǹtì 5,400 wáàtì máa ń fún èèyàn ní nǹkan bí óòmù (ìwọ̀n bí nǹkan ṣe ń dènà iná) 10 sí 11, ohunkóhun láàárín 8 sí 12 dára. Bí mítà kò bá ka nǹkan kan, ó ti já. Lẹ́yìn èyí, ẹ fi ẹnu mítà kan sí ìdí ẹ́límẹ́ǹtì, kí ẹ fi èkejì sí ara àpótí irin. Kò gbọ́dọ̀ ka ohunkóhun. Bó bá kà, sípíríǹgì yẹn ti rọ̀, ó ti fara kan irin, á sì máa gbóná kódà nígbà tí tẹ́mọ́sítáàtì (ohun tó ń gé iná bí ooru bá ti tó) bá ní kó sinmi. Ẹ́límẹ́ǹtì bẹ́ẹ̀ kò yẹ kó lo ọjọ́ kan sí i.

Nǹkan róbótó kékeré méjì wà lára àpótí yẹn: tẹ́mọ́sítáàtì ààlà àti fíúsì ooru. Méjì mìíràn tún wà níbi ilé fáànù: tẹ́mọ́sítáàtì tó ń darí ooru, àti fíúsì ooru funfun tó rí gbọọrọ. Ẹ wọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ yọ wáyà apá kan ìkọ̀ọ̀kan kí ẹ tó wọ̀n ọ́n. Tí wọ́n bá tutù, òdo óòmù tàbí ohun tó sún mọ́ ọn ló yẹ kí wọ́n kà. Ẹ má fi ojú dá wọn o. Fíúsì ooru tó ti já kì í dúdú, kì í yọ́, ó máa ń tàn bí ìgbà tí wọ́n rà á. Mítà nìkan ló lè sọ fún yín.

Ṣẹ́gun_Dallas

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú sí mi. Bó bá jẹ́ pé fíúsì ooru ló já, ṣé kò ṣeé fi wáyà kékeré so ẹnu rẹ̀ pọ̀ fún alẹ́ kan, kí aṣọ ilé-ìwé àwọn ọmọ lè gbẹ, kí fíúsì tuntun tó dé?

Baba_Oníná

Rárá o, àbúrò mi. Kódà fún aṣọ kan ṣoṣo. Fíúsì yẹn kì í ṣe bíi ti rédíò tó lè jó nítorí pé iná ga fún ìṣẹ́jú kan. Ooru ló ń já a. Lára ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ irú ti ìyá wa yìí, tẹ́mọ́sítáàtì ààlà máa ń gé iná nígbà tí àpótí bá dé 250 lórí òṣùwọ̀n Fahrenheit, fíúsì ooru orí àpótí náà kì í já àfi bó bá dé 352. Ìyẹn ni pé ohun kan ti kọ́kọ́ kọjá ààlà àkọ́kọ́ kó tó kan òun. Bó o bá fi wáyà so ó pọ̀, o ti lé ẹ̀ṣọ́ tó kẹ́yìn lẹ́nu ọ̀nà, ohun tó lé ooru dé ibẹ̀ sì ṣì wà níbẹ̀. Ìhùhù òwú gbígbẹ ló sì yí àpótí yẹn ká, kò sí ohun tó tètè ń gbaná bíi rẹ̀.

Àjọ U.S. Fire Administration ṣírò pé láàárín 2008 sí 2010, nǹkan bí 2,900 iná ilé ni dráyà ń dá sílẹ̀ lọ́dọọdún ní Amẹ́ríkà. Àìnu ìdọ̀tí ẹ̀rọ kúrò ló ṣáájú nínú ohun tó ń fà á, 34 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ na aṣọ ilé-ìwé sórí àga lálẹ́ yẹn, kí ẹ kọ fáànù sí i. Á gbẹ kí ilẹ̀ tó mọ́.

Adùnní_Houston

Mo ti wọn gbogbo rẹ̀. Òpó okùn iná mọ́. Ẹ́límẹ́ǹtì: 9.8, kò sì ka nǹkan kan sí ara àpótí. Tẹ́mọ́sítáàtì ààlà: 0.1. Fíúsì funfun ibi fáànù: 0.1. Tẹ́mọ́sítáàtì ìdarí: 0.2. Fíúsì ooru orí àpótí: mítà kò ka nǹkan kan, mo yí i padà, mo tún un wọ̀n, bákan náà. Ṣé òun ni mo máa rà?

Ọmọ_Alágbẹ̀dẹ

Òun ni. Ṣùgbọ́n ẹ rà á pọ̀ mọ́ tẹ́mọ́sítáàtì ààlà tó wà lára àpótí kan náà, wọ́n sábà máa ń tà wọ́n pọ̀ nínú ọ̀rá kan. Tẹ́mọ́sítáàtì tó ti fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta já tó sì ń padà nínú ooru tó pọ̀ jù, ẹnu rẹ̀ nínú ti ń jó díẹ̀díẹ̀, kò yẹ kí ẹ gbẹ́kẹ̀ lé e. Nọ́ńbà ẹ̀rọ yín tó wà lára lébẹ́ẹ̀lì inú ilẹ̀kùn ni kí ẹ fi rà á, ẹ má fi ìrísí rà á, torí àwọn róbótó wọ̀nyí jọra bí ìbejì, ìwọ̀n ooru wọn sì yàtọ̀.

Ó wá kan gbólóhùn tí Baba ní kí ẹ fi sọ́kàn. Fíúsì kọ́ ni àìsàn, fíúsì ni ẹlẹ́rìí. Afẹ́fẹ́ ló ń gbé ooru kúrò lára ẹ́límẹ́ǹtì, tó ń gbé omi kúrò lára aṣọ, tó sì ń kó méjèèjì jáde síta. Bí ọ̀nà bá dí, afẹ́fẹ́ á dín kù, àpótí á gbóná jù, tẹ́mọ́sítáàtì á máa gé iná kí àkókò tó tó. Nítorí náà, ẹ́límẹ́ǹtì á fi ìdajì àkókò rẹ̀ sinmi, afẹ́fẹ́ tó ti kún fún omi kò sì rí ọ̀nà lọ. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń tàn án lẹ́ẹ̀mejì. Bí ẹ bá fi fíúsì tuntun sí ọ̀nà tó dí, ẹ máa tún padà wá ra òmíràn láìpẹ́.

Nítorí náà, kí ẹ tó bo ẹ̀yìn rẹ̀:

Ẹ bu omi sórí asẹ́ lábẹ́ ẹ̀rọ omi. Bí omi bá dúró lórí rẹ̀ bí ẹni pé ọ̀rá ni, epo láti ara bébà olóòórùn dídùn tí wọ́n ń jù mọ́ aṣọ ti di ojú rẹ̀. Omi gbígbóná, ọṣẹ ìfọwo àti búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ ló ń yọ ọ́. Ó lè mọ́ lójú kó sì ti dí.

Ẹ fi ẹ̀rọ afàdọ̀tí fa ihò tí asẹ́ ń wọ̀ àti ilé fáànù. Ẹ di abẹ fáànù mú, kí ẹ gbìyànjú láti yí i: bó bá ń yí lórí ọ̀pá mọ́tò tí ọ̀pá kò tẹ̀ lé e, ihò àárín rẹ̀ ti jẹ, kò lè fẹ́ bó ṣe yẹ, ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Páìpù ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ wò jù. Íǹṣì 4 ni fífẹ̀ rẹ̀. Páìpù irin tó le, tí inú rẹ̀ dán, ló dára jù. Fóìlì rírọ̀ tó ń ká bí ìfun máa ń mú ìhùhù mọ́ra ní gbogbo ìká rẹ̀, ó sì ń pẹlẹbẹ bí ẹ bá ti ẹ̀rọ mọ́ ògiri. Ti ike, ẹ yọ ọ́ lónìí. Òfin ìkọ́lé tó wọ́pọ̀ ní Amẹ́ríkà kò fẹ́ kí ó gùn ju ẹsẹ̀ bàtà 35 lọ, ìgbọ̀nwọ́ 90 dìgírì kọ̀ọ̀kan sì ń jẹ ẹsẹ̀ bàtà 5 nínú rẹ̀. Ẹ má fi sukúrù gígùn so ó, torí ẹnu sukúrù nínú páìpù ni ìhùhù kọ́kọ́ ń kọ́ sí. Téèpù fóìlì ni kí ẹ fi lẹ̀ ẹ́, kì í ṣe téèpù aláṣọ, torí ooru máa ń bọ́ gọ́ọ̀mù tiyẹn.

Ọ̀pá gígùn olórí búrọ́ọ̀ṣì la fi ń ro inú rẹ̀. Bí ẹ bá fi dírílì yí i, apá ọ̀tún nìkan ni kó máa yí. Bó bá yí sí òsì, ọ̀pá á tú sínú ògiri, ẹ ó sì ní iṣẹ́ mìíràn.

Tóyìn_Maryland

Ẹ jọ̀wọ́, tèmi kò jọ ìyẹn. Ó ń gbóná dáadáa, ṣùgbọ́n bí mo bá fi sí èyí tó ń dá dúró fúnra rẹ̀, ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló ń pa, aṣọ sì ṣì tutù.

Baba_Oníná

Nínú dúrọ́ọ̀mù, nítòsí asẹ́, ẹ máa rí irin tẹ́ẹ́rẹ́ méjì tó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Bí aṣọ tútù bá kan méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, iná kékeré ń gba ara omi kọjá, ẹ̀rọ á mọ̀ pé omi ṣì wà. Epo bébà olóòórùn ti bò wọ́n nìyẹn. Ẹ fi òwú àti spírítì nù wọ́n títí wọn ó fi mọ́. Bí ẹ bá kó aṣọ mẹ́ta péré sínú rẹ̀ náà, ó lè ṣe bẹ́ẹ̀, torí wọn kì í kàn án tó.

Ìyá_Ìbejì_Leeds

Ẹ kú àárọ̀ láti Leeds. Tiwa níbí kò ní páìpù tó jáde rárá, inú ike kan lomi ń dà sí. Ó ń gbóná, àmọ́ ó ń gbà tó wákàtí mẹ́rin, ògiri yàrá sì ń làágùn. Ṣé fíúsì náà ni?

Kọ́lá_Peckham

Rárá, ìyá. Bó bá ń gbóná, fíúsì rẹ̀ kò já. Ògiri tó ń làágùn ń sọ fún yín pé omi tó yẹ kó dà sínú ike ń sá sínú yàrá. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn kékeré ìsàlẹ̀, kí ẹ tú ọwọ́ tó de kọndẹ́ńsà (ibi tí ooru omi ti ń tutù di omi), kí ẹ fà á jáde. Ẹ jẹ́ kí omi ẹ̀rọ gba inú rẹ̀ kọjá láti iwájú, lẹ́yìn náà láti ẹ̀gbẹ́, títí ìhùhù eérú yẹn ó fi tán. Ẹ gbọn omi ara rẹ̀ dànù. Ẹ nu rọ́bà tó yí ẹnu ihò rẹ̀ ká, torí ìhùhù tí kò ju okùn tẹ́ẹ́rẹ́ lọ lórí rọ́bà yẹn tó láti jẹ́ kí ooru omi sá jáde. Ẹ máa ṣe é lóṣooṣù.

Bí kọndẹ́ńsà kò bá ṣeé fà jáde, a jẹ́ pé onípọ́ńpù ooru (heat pump) ni. Ìyẹn kì í gbóná bíi ti àtijọ́, wákàtí méjì sí mẹ́ta kì í ṣe àìsàn fún un. Búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ ni kí ẹ fi nu irin pẹlẹbẹ inú rẹ̀, láti òkè sí ìsàlẹ̀, ẹ ṣọ́ ìka yín torí ó mú. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tí kò kọ́ iṣẹ́ gáàsì tú páìpù bàbà rẹ̀: gáàsì propane ló wà nínú ọ̀pọ̀ àwọn tuntun.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ra tòkunbọ̀ níbí. Àwọn dráyà Hotpoint, Indesit àti Creda kan tí wọ́n ṣe láàárín oṣù kẹrin 2004 sí oṣù kẹsàn-án 2015 ní àbùkù tí ìhùhù fi lè bọ́ sórí ẹ́límẹ́ǹtì. Ilé-iṣẹ́ Whirlpool tó ni wọ́n nígbà náà kéde rẹ̀ ní 2015, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbà wọ́n padà ní 2019. Ẹ yẹ nọ́ńbà ẹ̀rọ wò lórí ojú-òpó wọn kí ẹ tó sanwó. Ẹ má sì fi okùn àsomọ́ gbé dráyà, ihò ògiri gan-an ni kí ẹ ki púlọ́ọ̀gì 13 áńpù rẹ̀ bọ̀.

Ará_Ìbàdàn

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin fẹ́ fi dráyà irú ti ìyá Houston yìí ránṣẹ́ sílé nínú kọ̀ǹténà. Iná wa jẹ́ 230, tiwọn 240. Ṣé kò ti bára mu?

Ọmọ_Alágbẹ̀dẹ

Kò bára mu, ẹ tètè sọ fún wọn kí wọ́n tó sanwó ọkọ̀. Ẹ́límẹ́ǹtì rẹ̀ kò ní ìṣòro pẹ̀lú 230. Mọ́tò àti pátákó iwájú ni ìṣòro: 120 ni wọ́n ń fẹ́, láti wáyà kan sí nútírà, ilé yín kò sì ní 120 níbikíbi. Bí oníná bá fi 230 sí nútírà ibẹ̀, mọ́tò á jó. Kódà bí ẹ bá fi tiráńsífọ́mà gbé 120 fún mọ́tò náà, iná Amẹ́ríkà jẹ́ 60 Hz (iye ìgbà tó ń yí ní ìṣẹ́jú àáyá kan), tiwa 50, mọ́tò á lọ́ra ní ìdá kan nínú mẹ́fà, afẹ́fẹ́ á dín kù. Ẹ ti rí lókè yìí ohun tí àìtó afẹ́fẹ́ ń dá sílẹ̀.

Ti ìlú Gẹ̀ẹ́sì ló bá iná wa mu. Onípọ́ńpù ooru ni mo máa dá lábàá, torí kò ju nǹkan bí kílówáàtì kan lọ. Àwọn tó kù ń jẹ tó kílówáàtì méjì àti ààbọ̀, jẹnẹrétọ̀ kékeré inú àgbàlá kò lè gbé ìyẹn.

Adùnní_Houston

Mo padà dé. Fóìlì ẹ̀yìn ẹ̀rọ ti pẹlẹbẹ bí ẹni tẹ àkàrà mọ́lẹ̀, mo ti fi páìpù irin rọ́pò rẹ̀. Ẹnu páìpù níta ni mo ti rí olórí wàhálà: ẹnì kan ti fi nẹ́ẹ̀tì wáyà sí i kí ẹyẹ má baà wọlé. Ìhùhù ti dì mọ́ ojú nẹ́ẹ̀tì náà, ó nípọn bí fìlà, ó le, kò sí ibi tí atẹ́gùn lè gbà. Páìpù inú ògiri jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 22, ìgbọ̀nwọ́ méjì. Mo ti ro gbogbo rẹ̀. Mo pààrọ̀ fíúsì àti tẹ́mọ́sítáàtì ààlà. Ooru ti dé. Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé ó ti dára lóòótọ́? Wáyà kan sì tún ń tú díẹ̀ ní ìdí ẹ́límẹ́ǹtì.

Baba_Oníná

Ẹ kú ìnáwó, ẹ kú wàhálà. Ẹsẹ̀ bàtà 22 pẹ̀lú 10 ti ìgbọ̀nwọ́ jẹ́ 32, ó wà lábẹ́ 35. Ẹ má dá nẹ́ẹ̀tì yẹn padà, òfin kò gbà á lẹ́nu páìpù dráyà. Ìlẹ̀kùn kékeré tó ń ṣí nígbà tí afẹ́fẹ́ bá ti í, tó sì ń bo ara rẹ̀ padà, ló yẹ kó wà níbẹ̀ fún ẹyẹ.

Láti dán an wò, ẹ tàn án láìkó aṣọ sí i, ní ooru tó ga jù, kí ẹ fi tẹmómítà sí ẹnu páìpù bí ẹ̀rọ ṣe ń tì í jáde. Ó yẹ kó gòkè dé nǹkan bíi 150 sí 160 Fahrenheit, kí ẹ́límẹ́ǹtì pa, kí ó sọ̀ kalẹ̀ bíi 20 sí 30, kí ó tún gbéra. Bó bá kọjá 180 tí kò pa, tẹ́mọ́sítáàtì ìdarí ti lẹ̀, ẹ pa á kí fíúsì tuntun má baà tún lọ. Ìlẹ̀kùn kékeré ìta gbọ́dọ̀ ṣí gbalaja. Bó bá kàn ń mì tìtì, ìdọ̀tí ṣì kù nínú páìpù.

Wáyà tó tú yẹn, ẹ má fojú fò ó. Ẹnu tó tú máa ń gbóná títí á fi jó. Bó bá ṣì mọ́, ẹ fi ẹ̀mú fún ẹnu rẹ̀ díẹ̀ kó lè di irin mú. Bó bá ti dúdú tàbí ó ti ń rún, ẹ gé e, kí ẹ fi ẹnu tuntun tó lè gba ooru gíga sí i. Ẹnu oníke aláwọ̀ búlúù tí wọ́n ń tà fún iná ọkọ̀ kò wúlò níbẹ̀, ike rẹ̀ á yọ́.

Adùnní_Houston

154, ó pa, ó sọ̀ dé 128, ó gbéra. Ìlẹ̀kùn ìta ṣí gbalaja. Ẹnu wáyà yẹn ti dúdú, mo ti gé e, mo sì ti fi tuntun tó gba ooru sí i. Táwẹ́ẹ̀lì mẹ́fà, ìṣẹ́jú 50, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo.